Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kí A Tó Ju Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Nù

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò owó ìfipamọ́ àti owó ẹ̀yáwó.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró? Kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kò kú o. Ṣùgbọ́n ó dà bí ṣọ́ọ̀bù tí ọdẹ rẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀: àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àmọ́ bí olè bá rí ihò tuntun, ta ni yóò dí i? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ kò sì lè gba Windows 11. Ṣé ká sáré lọ ra tuntun ni? Ẹ dúró ná.

Ètò mìíràn wà tó lè darí kọ̀ǹpútà, Linux ni orúkọ rẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Ó gbé e síta kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè bá a tún un ṣe, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ṣebí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà? Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín, orí Linux ló dúró lé. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà fún kọ̀ǹpútà. Linux Mint kò ṣòro fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára, ọ̀fẹ́ sì ni. LibreOffice tó máa ń bá a wá ń ṣí ìwé Excel àti Word.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà ń fẹ́ sùúrù. Ìlú Munich ní Jámánì kó kọ̀ǹpútà bí 15,000 lọ sórí Linux. Nígbà tó di ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ìlú tún dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sí ibi méjì. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ rí i pé ó pé.

2. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi Linux sórí fláàṣì, kí ẹ máa lò ó láti ibẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ dán íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò.

3. Ẹ bi ẹni tó ta ètò ìṣirò owó fún yín bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Orí Windows nìkan ni àwọn mìíràn ti ń ṣiṣẹ́.

4. Kí akápò àti akọ̀wé ṣe ìṣirò oṣù kan lórí méjèèjì. Bí iye kò bá dọ́gba, ẹ má tíì kó lọ.

Ẹ má gbàgbé: bí ẹ bá ní kí Linux gba gbogbo inú kọ̀ǹpútà, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò parẹ́ ni. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ló wà nínú lẹ́jà yẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù, kí ni yóò wí nípàdé?

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Ibo ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yín wà lónìí? Ta ló ṣí i wò kẹ́yìn?