Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọlọ́kọ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Agbára Óìlì Ran Sítíárìn Lọ́wọ́



Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, Òkè Arìn àti Èbúté Èrò mọ̀ pé ọkọ̀ tí ń lọ kó ẹrù ní ọ̀nà oko kò lè dà bí ọkọ̀ ìgbafẹ́. A máa ń gbé e ga, a sì máa ń fi táyà ńlá sí i kí ó lè la ẹrẹ̀ àti iyanrìn kọjá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kan náà ni yóò padà wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀nà kò fẹ̀, tí awakọ̀ ní láti yí sítíárìn nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan pẹ̀lú ẹrù lórí. Níbẹ̀ ni apá yóò ti máa ro awakọ̀, tí bóòtì tí ó de àpótí sítíárìn mọ́ férémù yóò máa tú díẹ̀díẹ̀, tí férémù fúnra rẹ̀ yóò sì lè sán.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ kan fi ń fi àfikún agbára óìlì sí i. Iṣẹ́ náà dára bí a bá ṣe é dáadáa. Bí a bá ṣe é ní ìdákudà, ó burú ju kí a má ṣe é rárá lọ. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí pé nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá yá owó ẹgbẹ́ fún irú iṣẹ́ báyìí, kì í ṣe òun nìkan ni ó wà nínú ewu. Àwọn onídùúró rẹ̀ wà níbẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ àti àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lójú títì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

KÍ NI IṢẸ́ TÍ ÓÌLÌ Ń ṢE?

Ọ̀gbẹ́ni Francis Davis, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni ó fi páwà sítíárìn sínú ọkọ̀ Pierce-Arrow kan ní 1926. Ó di 1951 kí ilé-iṣẹ́ Chrysler tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á nínú ọkọ̀ fún ará ìlú.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù sì ń ti óìlì lọ sí àpótí sítíárìn. Fáàfù kan wà nínú àpótí náà. Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn sí ọ̀tún, fáàfù yóò darí óìlì sí ẹ̀gbẹ́ kan písítìnì. Bí ó bá yí i sí òsì, óìlì yóò lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àfikún tí à ń sọ ni sìlíńdà kan tí a so mọ́ ọ̀pá iwájú ọkọ̀ ní orí kan, tí a sì so mọ́ tairọ́ọ̀dù ní orí kejì. Òìlì tí ń ti písítìnì inú àpótí ni a óò fà wọ inú sìlíńdà yìí pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì yóò jọ gbé ẹrù kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní inú sìlíńdà fẹ̀ tó ínṣì 1¾, ojú písítìnì rẹ̀ yóò jẹ́ bí ínṣì 2.4 níbùú lóròó. Bí óìlì bá ń ti ínṣì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 1,000 pọ́ùn, sìlíńdà yóò ti tairọ́ọ̀dù pẹ̀lú 2,400 pọ́ùn. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ wà, ọ̀pá náà gba àyè. Bí ọ̀pá bá nípọn ní ínṣì ¾, agbára fífà yóò kù sí bí 1,960 pọ́ùn. Nítorí náà ni yíyí sí apá kan ṣe máa ń fúyẹ́ díẹ̀ ju ti apá kejì lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mẹkáníìkì ni ó bà á jẹ́.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE YẸ KÓ RÍ

1. Ẹ kọ́kọ́ tún ohun àtijọ́ ṣe. Ẹ yẹ bọ́ọ̀lì jọ́ìǹtì, bíárìn táyà, bóòtì àpótí sítíárìn àti férémù wò. Agbára óìlì kì í wo àrùn, ńṣe ni ó máa ń bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi já.

2. Ẹ wo irú àpótí tí ẹ ní. Púpọ̀ nínú àwọn Land Rover àtijọ́ kò ní páwà sítíárìn rárá. Irú wọn gbọ́dọ̀ gba àpótí olóìlì àti pọ́ǹpù ná. Bí àpótí bá ti jẹ́ olóìlì, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìlurin gidi ni kí ó lu ihò méjì tí òìlì yóò gbà jáde sí i. Ẹ tú u palẹ̀ kí a tó lù ú, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ mọ́. Èérún irin kan ṣoṣo lè ba fáàfù jẹ́.

3. Ẹ wọn ìrìn tairọ́ọ̀dù. Ẹ yí táyà láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì, kí ẹ sì wọn ibi tí tairọ́ọ̀dù rìn dé. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 7½, sìlíńdà tí ń rin ínṣì 8 ni yóò bá a mu. Ìdádúró tí ó wà lára ọ̀pá iwájú ni kí ó dá táyà dúró. Bí ó bá jẹ́ sìlíńdà ni ó kọ́kọ́ dé òpin, yóò máa tẹ tairọ́ọ̀dù tàbí kí ó fọ́.

4. Ẹ má so sìlíńdà mọ́ férémù. Ọ̀pá iwájú àti tairọ́ọ̀dù jọ ń lọ sókè sódò ni, ṣùgbọ́n férémù kì í bá wọn lọ. Kí ó wà ní ìbú, kí ó bá tairọ́ọ̀dù dọ́gba bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ọ̀gá wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ ni kí ó jó ìdè rẹ̀.

5. Róbà òìlì. Róbà tí a ṣe fún agbára gíga, tí a fi ẹ̀rọ tẹ orí rẹ̀ pọ̀, ni kí ẹ lò. Róbà omi tí a fi wáyà so kò lè gbà á. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ẹ wo sìlíńdà dáadáa bóyá ó ń jò lẹ́nu ọ̀pá, ṣùgbọ́n róbà tuntun ni kí ẹ rà.

6. Pọ́ǹpù àti ìtutù. Àpótí àti sìlíńdà yóò mu òìlì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì ń yí díẹ̀, pọ́ǹpù náà sì ń yí díẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá kéré, sítíárìn yóò le gan-an nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Òìlì sì máa ń gbóná, nítorí náà ó dára kí a fi ohun tí yóò máa tù ú sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà.

7. Ìdánwò. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì sókè. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí a ti pa, ẹ rọ òìlì, kí ẹ yí sítíárìn lọ bọ̀ jẹ́jẹ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde. Bí òìlì bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí sítíárìn bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí a ti fi róbà méjèèjì sí ipò ara wọn, tí sìlíńdà ń bá àpótí jà. Ẹ má di sítíárìn mú ní òpin rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ ṢẸLẸ̀

Àwọn kan yóò sọ pé kí a yọ irin tí ó so sítíárìn mọ́ táyà kúrò, kí òìlì nìkan máa ṣe é bí ti katakata. Ẹ má gbà. Katakata ń rìn jẹ́jẹ́ nínú oko, ọkọ̀ yín ń sáré lórí Third Mainland. Bí róbà kan bá bẹ́, irin yẹn nìkan ni awakọ̀ yóò fi tọ́ ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì tí a pa dán an wò: yóò wúwo, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yí.

Láti 2 April 1972 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún títì, àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ bí a ṣe ń gbé sítíárìn láti ọ̀tún sí òsì. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí èyí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bóyá ó ti ṣe irú èyí rí, kí ẹ sì lọ wo ọkọ̀ tí ó ṣe.

Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín pé ẹ ti yí nǹkan padà lára ọkọ̀. Láti 1945 ni òfin ti là á sílẹ̀ pé kí ọkọ̀ ní ìdójútòfò fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Ẹni tí ó fi àyípadà pamọ́ lè fi owó ara rẹ̀ tán gbèsè ẹ̀mí.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Agbára dára fún sítíárìn, ẹ̀sọ̀ ni kí ẹ fi fi í sí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Kí ni ìdí tí sìlíńdà kò fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé òpin ṣáájú ìdádúró táyà?
2. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá béèrè fún owó yíyá láti ṣe iṣẹ́ yìí, kí ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ rí kí ó tó fọwọ́ sí i?
3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ yín tí ọkọ̀ rẹ̀ nílò àtúnṣe bọ́ọ̀lì jọ́ìǹtì ju àfikún agbára lọ?