Ẹ yẹ ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín wò kí olè tó yẹ̀ ẹ́ wò

Oníṣòwò tó bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ yóò kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀kùn àti fèrèsé wò kó tó gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ ọjà, gbèsè àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà wà nínú ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ lára wa ló ń ronú pé òun náà nílẹ̀kùn. Ó ní in, ó sì pọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ.

Pọ́ọ̀tù làwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe ilẹ̀kùn yìí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, ó sì lè ga tó 65,535. Bí ẹ bá so àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà kan pọ̀ mọ́ nọ́ńbà pọ́ọ̀tù, ohun tẹ́ ẹ ní ni wọ́n ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe èyí tá a ń ki ṣájà bọ̀ o! Nọ́ńbà 443 lẹ fi ń dé ojú-ewé báńkì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 3389 lèèyàn ń gbà wọ kọ̀ǹpútà Windows láti ọ̀nà jíjìn, 445 sì làwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn.

445 yìí kì í ṣe ohun à ń fojú di. Lọ́jọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, ibẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà jà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là lówó Bitcoin kó tó ṣí i, ó sì da iṣẹ́ rú ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò dìgbà téèyàn bá tẹ nǹkan kan kó tó wọlé. Èyí tó dunni jù ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn tí kò fi sórí kọ̀ǹpútà wọn ni wàhálà bá.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ilẹ̀kùn tó ṣí lórí Windows yín, ẹ tẹ Start, ẹ kọ cmd, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú kan yóò yọ. Ẹ kọ èyí síbẹ̀:

netstat -ano

Ìlà tí yóò jáde máa pọ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Èyí tí wọ́n kọ LISTENING sí, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni, tí ètò kan jókòó sẹ́yìn ẹ̀ tó ń retí àlejò. Èyí tí wọ́n kọ ESTABLISHED sí, ọ̀rọ̀ ti ń lọ lọ́wọ́ láàárín kọ̀ǹpútà yín àti ẹlòmíràn, àdírẹ́ẹ̀sì ẹni náà sì wà lábẹ́ Foreign Address.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ ni abẹ́ Local Address. Bẹ́ ẹ bá rí 127.0.0.1, inú kọ̀ǹpútà nìkan ni ilẹ̀kùn ọ̀hún kọjú sí, ará ìta kò lè débẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.0.0.0, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ló kọjú sí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ètò tẹ́ ẹ fi ń kọ ọjà sílẹ̀ ń lo MySQL, tí pọ́ọ̀tù ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 3306, tẹ́ ẹ sì rí 0.0.0.0:3306, tó sì jẹ́ pé Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà lórí ẹ̀ náà lẹ fún àwọn oníbàárà tó ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Àfi bí fáyáwọ́ọ̀lù Windows bá dí i lọ́nà, oníbàárà tó jókòó síbi àga yẹn lè kan ilẹ̀kùn àkọsílẹ̀ owó yín látorí fóònù ẹ̀. Lójú tèmi, ẹ kọ́kọ́ ya Wi-Fi méjèèjì sọ́tọ̀ ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó ṣe ètò ọ̀hún fún yín dá a padà sórí 127.0.0.1, bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń lò ó.

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà, PID, ló ń tọ́ka sí ètò tó ni ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ 2140, ẹ kọ:

tasklist /fi "PID eq 2140"

Yóò dárúkọ ètò náà. Àwọn tó ń lo Linux lè rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú sudo ss -tulpn.

Ẹ má kàn máa pa ohun tẹ́ ẹ kò mọ̀ o. 135 àti 445 máa ń ṣí lórí Windows tuntun pàápàá. Ṣùgbọ́n bí 3389 bá ṣí, tí ẹnikẹ́ni kì í ti ọ̀nà jíjìn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ lọ pa Remote Desktop nínú Settings. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ ètò tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ń wọlé láti ilé wọn kì í dúró retí àlejò, fúnra ẹ̀ ló ń jáde lọ bá ọ̀gá ẹ̀. ESTABLISHED lẹ ti máa rí i, pàápàá lálẹ́ tẹ́ ẹ bá ti pa gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe.

Òfin ìdáàbòbò détà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ti di ẹrù ààbò àkọsílẹ̀ oníbàárà lé ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ lórí, kí i ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan. Lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá ṣì dáa, ẹ kọ netstat -ano > pootu.txt, kẹ́ ẹ tọ́jú fáìlì náà. Lóṣooṣù, ẹ ṣe òmíràn, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síra wọn: PID máa ń yí padà, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tù LISTENING tuntun tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré sí 49152 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó ni ín.