Ẹni Tí Ọlọ́hun Yọ, Kí Ó Sọ Ọ́

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ní ọdún 9 lẹ́yìn Hijira, Ka'b ọmọ Mālik ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, títí àwọn mùsùlùmí fi lọ sí Tabuk láìsí òun. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) padà dé, àwọn kan purọ́. Ka'b sọ òtítọ́. Fún òru 50, àwọn ènìyàn kò bá a sọ̀rọ̀, kí Ọlọ́hun tó gba ìtúúbá rẹ̀ (Súrà 9, āyà 118). Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, tí kò ríran mọ́, ó ròyìn rẹ̀ fún ọmọ tí ń fà á lọ́wọ́. Kò fi ẹ̀ṣẹ̀ yangàn.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́hun bò, ẹ má ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí àdúgbò mọ̀ mọ ọtí tàbí tẹ́tẹ́, tí Ọlọ́hun sì yọ, kí ó dìde bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń rì lọ́wọ́ yóò gbọ́ ohùn ẹni tí ó ti gúnlẹ̀.

Kí Ọlọ́hun gba ìtúúbá wa. Āmín.