Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi Ń Tín-ín-rín, Ti Bàbá Rẹ̀ Náà Tín-ín-rín

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, máa ń fi ẹsẹ̀ kọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ní Charcot-Marie-Tooth (CMT) ni. Ojúgun bàbá rẹ̀ náà tín-ín-rín, kò sì lè fi gìgísẹ̀ nìkan rìn, àmọ́ kò kà á sí àìsàn. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń bá ọmọ náà jà. Ṣé kò ní pa á? Ṣé àbúrò rẹ̀ obìnrin kò ní ní in? — Ìyá kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, àìsàn yìí kì í sábà gé ẹ̀mí ẹni kúrú. Kò sì sẹ́ni tó fi ṣe é. Láti ọdún 1886 ni àwọn dókítà Charcot àti Marie ní Paris, àti Tooth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé rẹ̀ pé inú ẹbí ló ń rìn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ẹsẹ̀ bàbá ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú lẹ́tà yín, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àìsàn náà ti wá. Irú CMT tó wọ́pọ̀ jù, CMT1A, wá láti ara jíìnì kan tó ń jẹ́ PMP22, lórí krómósómù 17. Méjì ló yẹ kéèyàn ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó ní CMT1A ní mẹ́ta. Àpọ̀jù yìí ló ń ba ohun tó bo àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ jẹ́, bí ìgbà tí rọ́bà bá ń ṣí lára wáyà iná. Iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ á wá máa falẹ̀. Iṣan tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ jìyà, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó dé ọwọ́, kí bọ́tìnnì àti kọ́kọ́rọ́ tó di ìṣòro.

Ẹ ní kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ tútù tẹ sìmẹ́ńtì. Ẹ lè rí ojú gìgísẹ̀ àti ti ìka, kí àárín ṣófo, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí sábà máa ń ga sókè, ìka á sì ká kò. Ẹ wo bó ṣe ń rìn pẹ̀lú: á máa gbé orúnkún ga, kí iwájú ẹsẹ̀ má baà wọ́ ilẹ̀.

Ẹ ti mọ jínótáìpù SS, tó jẹ́ pé bàbá àti ìyá ló jọ ń fún ọmọ. Ti CMT1A kò rí bẹ́ẹ̀, òbí kan ṣoṣo ti tó. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdajì-ìdajì tirẹ̀, kó ní in tàbí kó má ní in. Ti ẹ̀gbọ́n kò yọ àbúrò, kò sì kó bá a. Irú mìíràn wà tó ń gba ara krómósómù X, ṣùgbọ́n bàbá kì í fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní X. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọkọ yín ní in, a ti yọ ìyẹn kúrò. Nítorí náà, kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n á fi iná díẹ̀ wọn bí iṣan ṣe ń yára tó: ní apá, ó sábà máa ń ju mítà 50 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú CMT1A, kì í sábà tó 38. Àmọ́ ẹ má fi ẹsẹ̀ ọkọ yín wọn ti ọmọ. Nínú ẹbí kan náà, ẹnì kan lè máa sáré kí èkejì máa fi igi rìn.

Bí àbúrò rẹ̀ kò bá ní àmì kankan, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti kánjú gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kó dàgbà, kó yàn fúnra rẹ̀. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ kọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó. Wọ́n ti dán fítámì C wò fún CMT1A, kò ṣiṣẹ́. Ẹ má náwó lé e. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kí wọ́n máa na ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wọ bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, tàbí ike tí wọ́n ń fi sínú bàtà láti gbé iwájú ẹsẹ̀ ró. Nígbà mìíràn, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ láti tún ẹsẹ̀ tò.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o. Ẹsẹ̀ náà lè má mọ ìrora dáadáa. Kí ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́, bóyá ó ti gún nǹkan.

Oògùn kan sì wà tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn irú jẹjẹrẹ kan, vincristine. Ó lè sọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn tó ní CMT di aláìlágbára kíákíá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ náà àti ti bàbá rẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbà á láìjẹ́ pé dókítà wọn kọ́kọ́ mọ̀ nípa àìsàn yìí.