Akólòlò Yóò Pe Baba, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Jókòó Tì Í?

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń fi tu ìyá ọmọ tí kò tètè fọhùn nínú. Ìyá ọkọ á pa á, alábàágbé á pa á, wọ́n á tún un pa ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní àsàlátù. Wọ́n á fi kún un pé bàbá ọmọ náà pàápàá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pé ọmọkùnrin kì í tètè là lẹ́nu. Òwe náà kò parọ́. Ohun tí àwọn tó ń pa á kì í rò ni pé baba kan wà níwájú akólòlò náà, tó fara balẹ̀, tó ń dúró de orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kàn fi sílẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ yóò là bó bá yá, ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń lọ yẹn.

Òwe mìíràn ló yẹ kí á pa tẹ̀ lé e: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà.

Ẹni tó bá mọ Allen Avenue ní Ikeja nírọ̀lẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ ń fun fèrè láti ráńdábáòtù títí dé ọ̀nà Opebi, iná pátákó ìpolówó ń ṣẹ́jú. Bí ọmọ ọdún mẹ́rin kan bá fi ọwọ́ méjèèjì di etí níbẹ̀, tó wó lulẹ̀, tó ń ké, kò ní pẹ́ tí èrò yóò fi pé lé ìyá rẹ̀ lórí. Ọ̀kan á ní, "Mádàámù, ẹ nà án, àkẹ́jù ni." Èkejì á júwe orí òkè àdúrà fún un. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá ariwo náà ló ń ni ọmọ lára. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù gan-an nìyẹn: ìró tí ẹlòmíràn kò kà sí, bí ìgbà tí a fi abẹ́rẹ́ gún etí ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ìrànlọ́wọ́ tí ìyá náà nílò kò ju kí èrò sún sẹ́yìn, kí ẹnìkan sì ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó pa rọ́rọ́ fún un.

Ìpèníjà ìdàgbàsókè ni à ń pe irú èyí; kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ọ́tísíìmù wà níbẹ̀, Down syndrome wà níbẹ̀, cerebral palsy náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ní Down syndrome ní kírómósómù 47 dípò 46 tó wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìkọkànlélógún ló di mẹ́ta, ìdí nìyí tí wọ́n fi mú ọjọ́ 21 oṣù kẹta ṣe àyájọ́ wọn lágbàáyé. Inú oyún ni irú èyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí àjẹ́ tàbí ìyàwó kékeré kan tó fi ránṣẹ́.

Cerebral palsy ní tirẹ̀ ń wá láti ara ìpalára tó bá ọpọlọ ọmọ nínú oyún, nígbà ìbí tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Nílẹ̀ wa, ọ̀kan lára ohun tó ń fà á ṣeé dènà: ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Bó bá le, oró rẹ̀ a wọ ọpọlọ. Àwọn ìyá a máa gbé ọmọ sínú oòrùn àárọ̀, wọ́n á ní yóò lọ fúnra rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ iná búlúù tí wọ́n ń tan sí ọmọ lára ní ilé ìwòsàn. Káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tún léwu fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó, wọ́n sì pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ tuntun tí ojú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Igi gangan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n fi ń tètè wá àmì ọ́tísíìmù, tí wọ́n ń pè ní M-CHAT, ogún ìbéèrè péré, fún ọmọ oṣù 16 sí 30. Ọ̀kan lára ohun tó ń béèrè nìyí: bí o bá na ìka sí nǹkan lókèèrè, ṣé ọmọ yóò wo ibẹ̀? Ní Ikeja, a kò ní í wá ohun tí a ó fi dán an wò jìnnà. Bí bàálù bá ń balẹ̀ lọ sí pápákọ̀, tí ìyá na ìka sí i, ṣé ojú ọmọ bá ìka lọ sókè, àbí ọwọ́ ìyá ló ń wò? Ṣé òun náà máa ń na ìka sí nǹkan kí ẹlòmíràn lè bá a wò ó? Ṣé ó ń dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀? Ọmọ tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní oṣù 16, tàbí tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ní ọmọ ọdún méjì, yẹ fún àyẹ̀wò. Bákan náà ni ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó wá dákẹ́.

Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn kò lè fọhùn bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn LASUTH tó wà ní Oba Akinjobi Way kò jìnnà sí Allen, ẹ̀ka àwọn ọmọdé sì wà níbẹ̀.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọ̀pọ̀ ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti ń wá ní Èkó lónìí, òbí tó wá ìrànlọ́wọ́ tì fún ọmọ tirẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ní 2006, Dotun Akande tí ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ikeja. Rose Mordi, ìyá ọmọ tó ní Down syndrome, ti dá Down Syndrome Foundation Nigeria sílẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní 2001. Ọ̀gágun òfurufú tó ti fẹ̀yìn tì, Femi Gbadebo, àti ìyàwó rẹ̀ dá àjọ Benola sílẹ̀ ní 2013 nítorí ọmọkùnrin wọn tó ní cerebral palsy. Ti ìjọba náà wà: ilé ẹ̀kọ́ Modupe Cole ní Akoka ń gba ọmọ tí ọpọlọ wọn kò yá tó ti ẹgbẹ́ wọn.

Kí òbí tó sanwó sí ibikíbi, kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni àwọn olùkọ́ ti kọ́ṣẹ́? Yunifásítì Ìbàdàn àti Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ní sáà yìí sílẹ̀? Ṣé òbí lè wọlé wo ọmọ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ? Ibi tí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí òbí mú ọmọ rẹ̀, kí ó máa lọ.

Wákàtí díẹ̀ ni ọmọ ń lò lọ́dọ̀ olùkọ́. Ilé ni ìyókù wà. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe gbé ètò ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn òbí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án: ìpàdé ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án àti àbẹ̀wò ilé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Inú eré àti iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ. Gígé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹ wo aṣọ wíwọ̀. Ìyá á bọ ẹ̀wù sí ọmọ lọ́rùn, á ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ apá, á wá fi fífà á wálẹ̀ nìkan sílẹ̀ fún un. Bí ọmọ bá fà á, ó ti parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì gba "O káre." Nígbà tí ìyẹn bá mọ́ ọn lára, á ku apá kan àti fífà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi máa gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ náà lè kọ́ láti fi àwòrán ife béèrè omi, kò sì ní í dí ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èkó ti ní òfin fún àwọn tó ní ìpèníjà láti 2011, òun ló dá ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń pè ní LASODA sílẹ̀, níbi tí òbí lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ó sì mú ẹjọ́ lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019 sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọ́ sí wọn títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìjìyà ẹni tó bá fi ìpèníjà yà wọ́n sọ́tọ̀ jẹ́ owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní òun kò lè gba ọmọ, kí òbí ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ohùn wọn yóò yí padà bí wọ́n bá gbọ́ pé ìwé ni.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan náà ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ ẹni tó ní ìpèníjà. Àwọn oníṣòwò Allen, Opebi àti Agege kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba. Iṣẹ́ wà tí ọ̀dọ́ tó ní Down syndrome tàbí ọ́tísíìmù lè ṣe yanjú: dídì búrẹ́dì, títo ọjà sórí pẹpẹ, kíká aṣọ ní ilé afọṣọ. Kí wọ́n fi àwòrán lẹ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹnìkan ṣoṣo máa rán an níṣẹ́, kí owó oṣù rẹ̀ sì pé bíi ti ẹlòmíràn.

Ìyá, bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà: bí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín bá ti pé ọdún méjì, tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹta. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì béèrè fún M-CHAT níbẹ̀.