Kò Rìn àti Kò Tíì Rìn

“Bó pẹ́ bó yá, á rìn.” Òbí tí ọmọ rẹ̀ pẹ́ kó tó rìn ní Gbàgádà, nílùú Èkó, á ti gbọ́ ọ títí lẹ́nu aládùúgbò. Ìtùnú ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n àkànlò èdè yìí wà fún ohun tó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀, tí àsìkò rẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀. Ìrìn ọmọ ní gbèdéke. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè 5, tí Ghana wà lára wọn, ó hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ tí ara wọn dá ló máa ń dá rìn kí wọ́n tó pé oṣù 18. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, “ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún àyẹ̀wò” ló yẹ kí aládùúgbò sọ.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tí àwọn èèyàn ń dà pọ̀ ni “falẹ̀” àti “fà sẹ́yìn”. Ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ ń falẹ̀ ń lọ síwájú, àmọ́ kò yára: ó pẹ́ kó tó jókòó, ó pẹ́ kó tó rákòrò. Èyí tó fà sẹ́yìn ti ń sọ “màámi” àti “omi” tẹ́lẹ̀, kó tó wá di pé kò sọ wọ́n mọ́. Kíákíá ni dókítà gbọ́dọ̀ wá ìdí ti ìkejì yìí. Òbí tó bá ṣì wọ́n lò lè darí àyẹ̀wò gba ibi tí kò yẹ.

Kí a sì ṣọ́ra fún “odi”, “arọ” àti “ọ̀dẹ̀”. Orúkọ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọ. “Kò sọ̀rọ̀” pàápàá kò tó; “kò tíì sọ̀rọ̀” ló tọ́, nítorí “tíì” fi hàn pé ọ̀nà ṣì wà níwájú.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé ọmọ nílò tẹ́rápì, kì í ṣe ohun ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni, lákòókò iṣẹ́. Bóyá ní Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Gbàgádà ni, bóyá ní ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì, bóyá ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní sí Òṣòdì, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ wà níbẹ̀.

Níbí ni wọ́n ti máa ń pa á lówe fún ìyá pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Wọ́n ṣì í pa. Eku méjì nínú òwe náà ń sá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ àti tẹ́rápì kò rí bẹ́ẹ̀, torí owó oṣù ló ń san owó tẹ́rápì àti owó ọkọ̀. Èyí tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bàbá, ìyá àgbà àti ọ̀gá níbi iṣẹ́, gbogbo wọn ló ní ipa tiwọn.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ó fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣùgbọ́n kò ya àyè sọ́tọ̀ fún tẹ́rápì ọmọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láìgba owó. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu òbí ló kù láti fi tọrọ àyè. “Mo fẹ́ sáré jáde” á mú kí ọ̀gá rò pé ó ń sá fún iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tọrọ àyè báyìí:

“Ẹ jọ̀wọ́ mà, mo tọrọ àyè ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ mi kò tíì rìn, dókítà sì ní kó máa ṣe físíotẹ́rápì. Màá dúró pẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì láti fi dí i.”

Ọ̀gá tó gbọ́ èyí mọ ọjọ́, ó mọ wákàtí, ó sì mọ ìgbà tí yóò parí.