Bí O Bá Ń Lọ sí Erin Ìjẹ̀ṣà

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ń dáwó jọ láti lọ wo Olúmirin, omi tó ń dà láti orí òkè ní Erin Ìjẹ̀ṣà. Ẹ ṣeun. Ìtàn ìlú ní obìnrin ló kọ́kọ́ rí i, Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, nítorí náà ẹ̀tọ́ àwa obìnrin ni láti lọ wò ó. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń gbé fọ́tò sórí Instagram kì í sọ.

Ìpele méje ni omi náà ní. Ti àkọ́kọ́ ni èrò máa ń pọ̀ sí jù. Bó o bá lágbára, gòkè sí i, wàá rí ibi tó parọ́rọ́. Mi ò ní kó o dé ìkeje o. Orúnkún kò ní ìpààrọ̀ lọ́jà. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kó o wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì aláràbarà yẹn, torí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Lásìkò òjò, omi a máa ya bọ̀ tagbára-tagbára. Báwọn tó ń mójú tó ibẹ̀ bá ní kí ẹ má gòkè, má bá wọn jiyàn.

Èyí tó ká mi lára jù rèé: omi tí ẹni tó wà lókè fi wẹ̀, òun náà ló ń dà sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Má mú ọṣẹ wọ inú rẹ̀, má sì fọ irun níbẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́, jìnnà sétí omi dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin nìyí. Bó o bá ń ṣe nǹkan oṣù, má torí ẹ̀ jókòó sílé. Mú ọ̀rá dúdú méjì dání. Ká páàdì tó o bọ́, dì í sínú ọ̀kan, ti ìyẹn bọ inú èkejì, kó o sì gbé e padà sílé. Má tì í sábẹ́ òkúta bí mo ṣe rí i táwọn kan ṣe. Ike wà nínú páàdì, kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ike ìrẹsì náà, ẹ kó wọn bọ̀.

Kó o tó ya fọ́tò, wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ. Aṣọ tó tutù máa ń lẹ̀ mọ́ra, obìnrin kan lè wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun rí òun lórí fóònù ẹlòmíì. Sún díẹ̀, tàbí kó o bi í. Ẹ fi sípíkà sílé. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́ ariwo omi kò bẹ̀ yín ní Fújì. Bẹ́ ẹ bá sì bá ẹnì kan tó ń gbàdúrà létí omi, ẹ yà fún un.

Ẹ ra ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ẹ má sì ná an jù. Kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà o. Bẹ́ ẹ bá dé Iléṣà, pè mí.